Orí Kẹrin: Altoona, Ìlú tí Òkè Bí

Bí a bá ń wá ìdí tí ìlú kan fi dúró síbi tó wà, ohun tí a sábà máa ń rí ni odò, ọjà, oríta tàbí ààfin. Altoona, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, kò ti ipasẹ̀ ìkankan nínú wọn wá. Oko ni ibẹ̀ títí di ọdún 1849. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Pennsylvania Railroad ló ra ilẹ̀ náà, tó wọ̀n ọ́n, tó sì pín in sí òpópónà nígbà tí kò tíì sí ará ìlú tí yóò gba òpópónà ọ̀hún kọjá. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó tẹ́jú dópin sí tí òkè ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti ìhà ìlà-oòrùn wá, ó fẹ́, ó kọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kó múra kó tó gòkè. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró lójoojúmọ́, àwọn tí yóò bu omi sí i, tí yóò da eérú rẹ̀ nù, tí yóò tún un ṣe, gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọn yóò sùn.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwòrán ilẹ̀. Àwọn òkè Appalachia gba apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kọjá láti àríwá ìlà-oòrùn sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní àárín Pennsylvania, ìhà méjì tí kò jọra ni wọ́n pín sí. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ìṣẹ́po ni ilẹ̀: òkè gígùn kan, àfonífojì kan, òkè mìíràn, àfonífojì mìíràn, gbogbo wọn tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ kò ṣẹ́ po. Ṣe ló ga sókè, tó sì tẹ́ rẹrẹ, àwọn odò kéékèèké ló wá gbẹ́ ihò sí i lára. Nínú ilẹ̀ gíga yẹn ni èédú pọ̀ sí.

Ibi tí ìhà méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ń pè ní Allegheny Front. Ẹni tó bá dúró ní Altoona tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò rí i níwájú rẹ̀ bó ṣe ga lọ. Ìlú náà fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1,180 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Gallitzin tó wà lórí òkè náà lé ní 2,100. Òjò tó bá rọ̀ sí ìhà Altoona ń bá odò Juniata dé Susquehanna, ó sì ń bọ́ sí òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn òkè yóò bá odò Ohio lọ títí yóò fi dé Mississippi.

Láti Harrisburg, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, títí dé ẹsẹ̀ òkè yìí, ọ̀nà kò nira fún ọkọ̀ ojú irin. Odò Juniata ti la àárín àwọn òkè kọjá tipẹ́tipẹ́, ojú irin kàn ń tẹ̀lé etí odò ni. Àmọ́ ní agbègbè yìí, kò sí odò kankan tó la Allegheny Front já. Nítorí náà, kò sí etí odò tí èèyàn lè tẹ̀lé kọjá.

Kí ìlú náà tó wà

Ọ̀rọ̀ ajé ló sọ òkè yìí di ìṣòro. Ní ọdún 1825, ìpínlẹ̀ New York parí odò àfọwọ́gbẹ́ Erie, ẹrù láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí New York. Àwọn oníṣòwò Philadelphia rí i pé ọjà fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Pennsylvania náà gbẹ́ odò tirẹ̀ lọ sí Pittsburgh, ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni Allegheny Portage Railroad, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1834, tó so Hollidaysburg ní ìhà ìlà-oòrùn mọ́ Johnstown ní ìhà kejì, máìlì 36. Wọ́n la ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́wàá sí ara òkè, márùn-ún ní ìgòkè, márùn-ún ní ìsọ̀kalẹ̀. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ́ńjìnnì kan jókòó sí, tó ń fi okùn fa ọkọ̀ sókè. Nígbà tó yá, wọ́n tiẹ̀ ń gbé ọkọ̀ ojú omi gan-an lé orí wágọ̀nù, tí wọ́n á fà á kọjá òkè. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ibẹ̀ kọjá ní 1842, ó sì kọ nípa rẹ̀.

Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ ó ń falẹ̀ jù. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n so okùn, kí wọ́n tún tú u. Okùn ń já. Nígbà òtútù, omi odò àfọwọ́gbẹ́ á dì, iṣẹ́ á dúró. Láti Philadelphia dé Pittsburgh ń gbà tó bí ọjọ́ mẹ́rin. Èyí ló mú kí wọ́n dá Pennsylvania Railroad sílẹ̀ ní 1846, tí wọ́n fi J. Edgar Thomson ṣe ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ. Àṣẹ tí wọ́n fún un kò ju ọ̀kan lọ: kó rí ọ̀nà tí odindi ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti ẹrù, yóò gbà kọjá òkè láìsí okùn.

Hollidaysburg ló yẹ kó jẹ àǹfààní iṣẹ́ tuntun yìí, bí a bá fojú ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà wò ó. Òun ni ìlú tó ti lajú, òun sì ni olú ìlú ẹkùn Blair. Ṣùgbọ́n ibi tí Thomson ti rí ọ̀nà gòkè wà ní ìhà àríwá, níbi oko tó di Altoona. Títí di òní, Hollidaysburg ni olú ìlú ẹkùn náà, ilé ẹjọ́ ẹkùn wà níbẹ̀. Altoona sì tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Pátákò ẹṣin

Kí iṣẹ́ tí Thomson ṣe tó yé wa, a ní láti mọ ohun tó ń dá ọkọ̀ ojú irin lágara. Irin ló ń yí lórí irin. Èyí dára ní ilẹ̀ títẹ́jú, torí pé ìfàsẹ́yìn kéré, ẹ́ńjìnnì kan lè fa ẹrù tó pọ̀ gan-an. Àmọ́ irin kì í di irin mú dáadáa, nítorí náà ìgòkè kékeré ti tó láti dá a dúró. Tọ́ọ̀nù ẹrù kan tó wà lórí ọ̀nà tó ń ga sókè ní ìwọ̀n 1.85 nínú 100 ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 18 àti ààbọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá gbé tọ́ọ̀nù 1,000, tọ́ọ̀nù 18 àti ààbọ̀ ni òkè nìkan ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè má tilẹ̀ fura pé òun ń gòkè.

1.85 nínú 100 yìí ni ìwọ̀n ìgòkè ojú irin láti Altoona. Bí wọ́n bá ti Altoona gba ọ̀nà tààrà lọ sí orí òkè, ìgòkè náà ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn kò sì ní lè gbé e. Ohun tí Thomson ṣe ni ohun tí ẹni tó ru igi ń ṣe bó bá dé ibi òkè: kò dojú kọ ọ́, ó gbà á ní ìhà. Ó jẹ́ kí ojú irin gun ara òkè díẹ̀díẹ̀ lọ sínú àfonífojì kan tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Altoona, ó yí orí àfonífojì náà po, ó sì tún padà jáde ní ìhà kejì, níbi tó ti ga ju ibi tó gbà wọlé lọ. Ìlà tó fi yí po yẹn rí bíi pátákò ẹṣin, orúkọ tí wọ́n sì fún un nìyẹn: Horseshoe Curve. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 2,375 ẹsẹ̀ bàtà.

Nǹkan bí 450 òṣìṣẹ́ ló ṣe é, àwọn ará Ireland ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta àti ẹṣin ni wọ́n ní. Wọ́n gé imú òkè kan kúrò, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ àti òkúta dí kòtò odò kéékèèké tó ya wọnú àfonífojì náà. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1854 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ní òkè pátápátá, ní Gallitzin, wọ́n gbẹ́ ihò la abẹ́ òkè já, èyí tó gùn ju 3,600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ìrìn àjò tó ń gba bí ọjọ́ mẹ́rin wá di èyí tí kò tó ọjọ́ kan, ìpínlẹ̀ náà sì ta odò àfọwọ́gbẹ́ àti ọ̀nà okùn rẹ̀ fún Pennsylvania Railroad ní 1857.

Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tó ń yí pátákò yìí yóò rí ohun àrà: bí ẹ́ńjìnnì iwájú ti ń lọ sí apá kan, wágọ̀nù ẹ̀yìn ṣì ń bọ̀ láti apá òdì-kejì, ní òdì-kejì àfonífojì. Ọkọ̀ kan náà ni. Nínú àfonífojì ọ̀hún gan-an, nísàlẹ̀ ojú irin, ni àwọn ìdídò tí omi ẹ̀rọ Altoona ti ń wá wà. Àwọn tó ń wá wo ojú irin kì í sábà wo omi yẹn, bẹ́ẹ̀ òun náà jẹ́ apá kan ìtàn ìlú: ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ gbẹ, ìlú tó sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré.

Ìlú oníṣẹ́ irin

Altoona di ìlú tó ní ìjọba tirẹ̀ ní 1854, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú ńlá ní òfin ní 1868. Ní ètò ìkànìyàn 1860, èèyàn 3,591 ló wà níbẹ̀. Ní 1900, wọ́n ti di 38,973. Ní 1930, wọ́n jẹ́ 82,054, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láti ìgbà náà.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń tún ọkọ̀ ṣe ló di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀. Láti 1866 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn ní Altoona; nígbà tí ilé iṣẹ́ Juniata dìde ní ìparí àwọn ọdún 1880, iṣẹ́ náà gbòòrò sí i. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kí ayé ẹ́ńjìnnì olóoru tó parí lé ní 6,000. Èyí tó lókìkí jù ni K4s, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1914 láti máa fa ọkọ̀ èrò. 425 ni gbogbo rẹ̀, Altoona ló ṣe 350 nínú wọn. Ní àwọn ọdún 1920, nǹkan bí 17,000 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú yìí. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé iye ará ìlú, kí ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú jẹ́ ọmọdé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí rélùwéè kò bọ́.

Bí ìlú ṣe tò fi èyí hàn. Ojú irin àti ilé iṣẹ́ ló gba ilẹ̀ títẹ́jú tó wà láàárín. Èèyàn wá ń kọ́lé sí ara òkè ní ìhà méjèèjì, tí òpópónà fi ga débi tí àtẹ̀gùn fi dípò ọ̀nà níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti apá kan ìlú sí apá kejì gbọ́dọ̀ wá afárá. Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá gba òkè kan, tí wọ́n ń pè ní Dutch Hill títí di òní. Àwọn ará Ireland àti Ítálì náà wá, oníkálukú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Eruku èédú kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Aṣọ funfun tí ìyá kan sá síta lówùúrọ̀ lè ti ní àmì dúdú kí oòrùn tó mú, ó sì mọ̀ pé èéfín tó ba aṣọ òun jẹ́ náà ló ń san owó ọṣẹ.

Ìlú náà wúlò fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Gómìnà Andrew Curtin ti Pennsylvania pe àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ààrẹ Abraham Lincoln sí ilé ìtura Logan House, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Ọjọ́ méjì péré ṣáájú ni Lincoln kéde pé bí àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀ kò bá padà, òun yóò dá àwọn ẹrú tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lómìnira ní ọdún tuntun. Àwọn gómìnà náà ti ìkéde yìí lẹ́yìn. Kí ló dé tí ìpàdé tó wúwo bẹ́ẹ̀ fi wáyé ní ìlú tí kò tíì pé ọdún 15? Ọkọ̀ láti ìlà-oòrùn àti ọkọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ń pàdé níbẹ̀ ni.

Ọ̀rá màlúù àti onímọ̀ kẹ́mísírì

Èmi gbà pé ohun tó ṣe pàtàkì jù tó ti Altoona jáde kì í ṣe ẹ́ńjìnnì kankan. Ó jẹ́ àṣà yíyẹ ọjà wò kí a tó rà á.

Ní 1875, Pennsylvania Railroad gba Charles B. Dudley síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ kẹ́mísírì. Ó ti jagun nínú ogun abẹ́lé, ó ti fara gbọgbẹ́, ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì Yale ní ọdún tó ṣáájú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ẹni tó ń ra nǹkan fún rélùwéè máa ń fi ojú wò ó, á fi ọwọ́ kàn án, á gbóòórùn rẹ̀, á sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́.

Ọ̀rá màlúù wà lára ohun tí Dudley kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun ni wọ́n ń dà sínú ibi tí irin ti ń họ irin nínú ẹ́ńjìnnì, kó lè máa yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn irin tí ọ̀rá yẹ kó dáàbò bò gan-an ló ń jẹ. Dudley mú ọ̀rá náà wọ yàrá àyẹ̀wò, ó sì rí i pé ásíìdì wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó ti pẹ́ tàbí tí wọn kò sè dáadáa. Nínú ooru, ásíìdì yẹn ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò wulẹ̀ sọ fún àwọn tó ń tà pé kí wọ́n mú ọ̀rá tó dára wá, torí gbogbo ọlọ́jà ló máa sọ pé tòun dára. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ásíìdì kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n báyìí lọ, báyìí la ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá kùnà á padà sọ́wọ́ ẹni tó kó o wá.

Lẹ́yìn ọ̀rá, ó kan epo, ọ̀dà, ọṣẹ, ó sì kan ojú irin fúnra rẹ̀. Ní 1878, Dudley kọ̀wé pé nínú àwọn irin tí òun yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gùn wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó rọ̀ díẹ̀ ló pẹ́ ju àwọn tó le lọ. Inú àwọn tó ń rọ irin kò dùn rárá. Wọ́n bá a jà nínú ìpàdé àti nínú ìwé, torí kò sí oníṣòwò tó fẹ́ kí oníbàárà máa kọ́ òun bí òun yóò ṣe ṣe ọjà òun. Àríyànjiyàn yẹn wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ASTM, níbi tí ẹni tó ń ṣe ọjà àti ẹni tó ń rà á ti ń jókòó pọ̀ láti fẹnu kò lórí òdiwọ̀n. Dudley ni ààrẹ rẹ̀ láti 1902 títí tó fi kú ní 1909. Irin, símẹ́ǹtì àti ọ̀dà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò kárí ayé lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òdiwọ̀n ASTM wà fún.

Ìdánwò yìí kò mọ sí yàrá kẹ́mísírì. Ní ibi àpéwò àgbáyé tó wáyé ní St. Louis ní 1904, Pennsylvania Railroad gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí odindi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lè gùn, tí yóò máa sáré lójú kan, tí wọ́n á sì máa wọn èédú tó ń jẹ àti agbára tó ń yọ. Lẹ́yìn àpéwò, wọ́n kó o wá sí Altoona.

Nígbà tí èéfín dáwọ́ dúró

Nígbà ogun àgbáyé kejì, Jámánì mọ iye tí ìlú yìí tó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọkùnrin mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìbàjẹ́ ti inú ọkọ̀ abẹ́ omi bọ́ sí etíkun Long Island àti Florida. Horseshoe Curve àti àwọn ilé àtúnṣe ọkọ̀ ní Altoona wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fọ́. Wọn kò débẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lọ tú àṣírí fún ọlọ́pàá, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n sì pa mẹ́fà nínú wọn ní oṣù Kẹjọ.

Dísẹ́ẹ̀lì ló ṣe ohun tí ọ̀tá kò rí ṣe. Ẹ́ńjìnnì olóoru nílò omi, èédú, dída eérú nù, fífọ ìkòkò omi rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè rìn jìnnà gan-an kó tó béèrè nǹkan kan, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìlú mìíràn ló sì ń ṣe é tà. Pennsylvania Railroad lo ẹ́ńjìnnì olóoru gbẹ̀yìn ní 1957. Ọ̀nà mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú ti ń gba èrò nígbà náà. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ New York Central tó ti ń bá a figagbága látayébáyé. Wọ́n sọ ara wọn ní Penn Central. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wọko gbèsè. Ìjọba àpapọ̀ dá Conrail sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ náà ní 1976, Norfolk Southern sì gba ọ̀nà Altoona ní 1999.

Ìkànìyàn 2020 ka 43,963 èèyàn, ìyẹn ni pé ìlú náà kò ju bí ìdajì iye rẹ̀ ní 1930 lọ. Ilé ìwòsàn, ẹ̀ka yunifásítì Penn State, àti Sheetz, ilé-iṣẹ́ tó ń ta epo mọ́tò àti oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1952, ló gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báyìí. Ilé àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́ ní 1882 ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball ìlú náà ń jẹ́ Altoona Curve.

Àmọ́ kò yẹ ká kọ̀wé nípa rélùwéè Altoona bí ẹni pé ó ti kú. Ilé iṣẹ́ Juniata ṣì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ìlà mẹ́ta ló kù nínú mẹ́rin tó wà ní Horseshoe Curve, torí wọ́n tú ọ̀kan ní 1981, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbà á tọ̀sán-tòru. Dísẹ́ẹ̀lì lágbára, ṣùgbọ́n òkè kò kúrú sí i: bí ẹrù bá wúwo, wọ́n ṣì ń so ẹ́ńjìnnì aṣèrànwọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó máa tì í gòkè. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Gallitzin, iṣẹ́ tó le ju ìgòkè lọ ni. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ di bíréèkì mú ní ìwọ̀n tó yẹ fún máìlì tó lé ní mẹ́wàá, torí bí ó bá jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá àlà, kò sí bíréèkì tí yóò dá a dúró mọ́ kó tó dé ìlú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Láti Altoona dé Gallitzin tó nǹkan bí máìlì 12 lórí ojú irin. Lo ìwọ̀n gíga ìlú méjèèjì tó wà nínú orí yìí láti ṣírò ìpíndọ́gba ìgòkè, kí o sì sọ ìdí tó fi kéré sí 1.85 nínú 100.

2. Hollidaysburg ní odò àfọwọ́gbẹ́, ilé ẹjọ́ àti ọjà kí Altoona tó wà. Ká ní òkè tí ẹ́ńjìnnì lè gùn tààrà wà lẹ́yìn Hollidaysburg, kí ni ì bá yí padà nínú àwòrán ilẹ̀ ẹkùn Blair?

3. Ya àwòrán ọ̀nà tí omi òjò ń gbà láti ìhà méjèèjì Allegheny Front dé òkun.